Súùpù adìẹ àti àgbàdo tútù: ìgbà mẹ́ta tó bàjẹ́ àti ìgbà kẹrin tó bọ́ sí i

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n yọ eyín mẹ́ta lẹ́nu màámi lọ́jọ́ kan náà. Oníṣègùn eyín kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ ohun líle fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ata má sì kan ojú ibẹ̀. Mo lọ mú wọn wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo sí ọ̀dọ̀ mi ní Gáà Àkànbí, ní Ìlọrin níbí, kí ojú mi lè máa tó wọn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ògì ni wọ́n mu láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì lálẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n rọra ti ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ìyá Ràmọ́tà, ṣé èmi náà ti di ọmọ ọwọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọbẹ̀ ọwọ́ wọn ni mo jẹ dàgbà, kò yẹ kó jẹ́ ògì nìkan ni n óò máa gbé síwájú wọn.

Mo wá rántí súùpù kan tí mo mu nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó: adìẹ tí wọ́n fà ya wẹ́wẹ́ nínú omi àgbàdo tó ki, tó jọ̀lọ̀, tó pupa rúsúrúsú. Àgbàdo inú agolo ni wọ́n fi sè é. Àmọ́ oṣù Keje ni àgbàdo tútù máa ń gba ìgboro Ìlọrin kan. Kò sí ìkóríta tí ẹ ò ní bá wọn tí wọ́n ń sun ún, tí wọ́n ń sè é. Mo ní n óò fi ti ilé ṣe é. Súùpù ni mo ń pè é, n kò pè é ní ọbẹ̀, torí a kì í fi òkèlè bọ̀ ọ́. Ṣíbí la fi ń mu ún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé tó wà nílé ìdáná mi, iye owó, iye ìṣẹ́jú àti ibi tí mo ti ṣìṣe, kí ẹni tó bá ní àgbàlagbà tàbí aláìsàn nílé má baà ná owó tí mo ná.

1. Ohun tí mo fi ṣiṣẹ́

Ìkòkò onídìí nípọn tó gba lítà márùn-ún, asẹ́ ògì, ọmọrogùn, àdògán eléèédú, sítóòfù gáàsì olójú méjì, ìrẹ́lá (mo máa sọ ìtàn ìrẹ́lá yìí níwájú), àti ìgò omi 75cl tó ti ṣófo. Ìgò yẹn ni òṣùwọ̀n mi. N kò ní ife ìwọ̀n kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni n kò rà á.

2. Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Keje: súùpù di wàrà

Adìẹ bírọ́ílà kan ni mo rà ní ọjà Ìpàta, ₦11,000, torí mo mọ̀ pé kì í pẹ́ rọ̀. Mo se ààbọ̀ rẹ̀, mo kó ìyókù sí firísà. Lóòótọ́, ìṣẹ́jú 35 péré ló lò lórí iná, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò lágbára rárá, ó dà bí omi tí a fi ṣan ìkòkò. Àṣìṣe kìíní nìyẹn: adìẹ tó bá tètè rọ̀, omi rẹ̀ kì í dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo bó àgbàdo mẹ́fà, mo fi ọ̀bẹ gé ọmọ rẹ̀ sínú omi adìẹ náà. Kó lè ki, mo po ògì tútù ife kan, mo dà á sí i bí ìgbà tí a bá ń ro ẹ̀kọ. Ó ki lóòótọ́. Mo tọ́ ọ wò, ó kan gan-an. Ògì ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni, kò sí bí kò ṣe ní kan, ṣùgbọ́n n kò ronú débẹ̀.

Mo ní kí n fi mílíìkì pa kíkan náà. Ìgò kan wà nílẹ̀ tí mo rà ní ₦1,000 lọ́wọ́ ìyá Fúlàní tó ń kiri wàrà (mílíìkì tó ti dì) ládùúgbò wa, mílíìkì tí wọ́n fún lára màálù láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí mo sì ti gbé kaná kó tó di ìgbà yẹn. Mo dà á sínú ìkòkò tó ń hó. Mo dúró tì í, mo ń wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí nǹkan funfun kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ bá fọ́n gààrí sórí omi. Wọ́n ń sún mọ́ ara wọn, wọ́n ń so pọ̀. Kí n tó na ọwọ́ pa iná, omi ti yà lọ́tọ̀, tó rẹ́súrẹ́sú, ìṣùpọ̀ funfun ti yà lọ́tọ̀. Adìẹ wà láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá oníwàrà kọjá, mo kí wọn, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Mílíìkì àná dì nínú ìkòkò mi." Wọn kò bínú. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé o fi nǹkan kíkan sí i?" Mo ní ògì ni. Wọ́n ní, "Wàrà lo sè nìyẹn." Wọ́n sọ igbá kalẹ̀, wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn a gbé mílíìkì kaná, wọn a fún omi ewé bòmubòmu sí i, yóò dì. Bí kò bá sí bòmubòmu, omi kíkan náà lè dì í. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ra wàrà ní Ìlọrin yìí, n kò bi wọ́n léèrè rí.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ògì àti mílíìkì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ìkòkò gbígbóná.

3. Túsìdeè, ọjọ́ 8: ata nínú àgbàdo

Mo ti rí i báyìí pé n kò nílò ògì. Àgbàdo tútù tiwa kò dùn tó ti inú agolo, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń mú nǹkan dì nínú jù ú lọ. Àbí kí ló ń di ẹ̀kọ bí kì í bá ṣe òun? Ká kàn lọ àgbàdo tútù, ká sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ yóò mú súùpù ki láìkan.

Iná ìjọba ti lọ láti òru, bílẹ́ńdà kò wúlò. Mo gbé ọmọ àgbàdo mẹ́fà lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta ní òpópónà kejì. Mo bẹ ọmọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ pé kó bá mi fọ̀ ọ́. Ó da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, omi tó jáde kẹ́yìn sì mọ́ lójú èmi náà. Mo gbé àgbàdo mi relé, mo sẹ́ ẹ, mo fi ààbọ̀ bírọ́ílà tó wà nínú firísà sè é. Ó ki, àwọ̀ rẹ̀ sì wù mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sáré bù ú sínú àwo.

Màámi fi ṣíbí kan kan ẹnu. Wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Wọn kò pariwo, ojú wọn kàn kún fún omi. Ata rodo ló wà níbẹ̀, kò pọ̀, àmọ́ ojú egbò ló bọ́ sí. Mo sáré bu omi tútù fún wọn, wọ́n fọ ẹnu, wọ́n tu ú, wọ́n tún fọ̀ ọ́.

Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ ẹlẹ́rọ. Irin tó ti ń lọ ata láti ọdún yìí wá, ìṣàn omi méjì kò lè yọ ata kúrò lára rẹ̀. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé n kò tọ́ ọ wò kí n tó gbé e fún wọn. Ẹni tó bá ń dáná fún ẹni tí ẹnu ń dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ara yín gbà á.

4. Tọ́sìdeè, ọjọ́ 10: ọmọrí bílẹ́ńdà fò

Mo pààrọ̀ adìẹ. Àgbébọ̀ ni mo rà, èyí tó ti yé ẹyin títí tó fi dáwọ́ dúró, tí wọ́n ń pè ní old layer lọ́jà, ₦9,500. Ó lé ní wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó rọ̀, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ní ọ̀rá olóòórùn dídùn lójú. Iná ìjọba dé lọ́sàn-án, ara mi yá gágá.

Ìkánjú ló bà á jẹ́. Mo bu omi adìẹ gbígbóná lé àgbàdo nínú bílẹ́ńdà, mo kún un dé ẹnu, mo de ọmọrí, mo tẹ̀ ẹ́. Ooru inú rẹ̀ ta ọmọrí dànù. Àgbàdo gbígbóná dà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún mi, ìyókù lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ki ọwọ́ bọ omi tútù fún ogún ìṣẹ́jú, kò wú jù. Ẹ jẹ́ kí omi náà tutù kó tó wọ bílẹ́ńdà, ẹ má sì kún un ju ìdajì lọ.

Mo ti da èyí tó kù sínú ìkòkò kí n tó lọ tọ́jú ọwọ́. Iná gáàsì wà lókè. Nígbà tí mo padà dé, òórùn jíjó ti gba ilé ìdáná. Àgbàdo lílọ̀ kì í fún èèyàn láyè: bí ó bá ti ń ki, ó ti ń di mọ́ ìdí ìkòkò nìyẹn. Mo wá ṣe èyí tó burú jù, mo fi ọmọrogùn ha ìdí rẹ̀, mo sì pò ó mọ́ èyí tó wà lókè. Bí tiyín bá jó, ẹ má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ rárá. Ẹ rọra da òkè sínú ìkòkò mìíràn, ẹ fi èyí tó jó sílẹ̀.

Àwọn ọmọ mu ún. Màámi mu ṣíbí mẹ́rin, wọ́n wá fi ahọ́n yọ nǹkan kan láti ojú eyín, wọ́n fi hàn mí lórí ìka. Eèrí ni. Bílẹ́ńdà ti gé èèpo ara ọmọ àgbàdo sí wẹ́wẹ́ débi tí asẹ́ kò fi lè mú gbogbo rẹ̀.

5. Ìrẹ́lá

Lálẹ́ Fúráìdeè, mo jókòó ti màámi, mo ń sọ bí mo ṣe fẹ́ wá asẹ́ tó kúnná ju tèmi lọ. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí, wọ́n wá ní, "Kí lo fẹ́ fi asẹ́ ṣe? Ìrẹ́lá dà? Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ, tí a bá fẹ́ se sàpàlà, ìrẹ́lá la fi ń rẹ́ àgbàdo tútù. Èèpo rẹ̀ a dúró sára ṣùkù."

Mo mú àgbàdo kan tó kù, mo gbé ìrẹ́lá lé abọ́, mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Omi funfun bíi mílíìkì ṣàn gba àárín ìka mi, ó sì bá ẹ̀yìn ìrẹ́lá sọ̀ kalẹ̀. Mo yí ṣùkù sójú iná wò ó. Gbogbo èèpo ọmọ àgbàdo náà ṣì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lára rẹ̀, inú wọn ti ṣófo, bí àpò tí a tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ń fi ẹ̀rọ, bílẹ́ńdà àti owó wá láti ọ̀sẹ̀ kan, ìrẹ́lá tó wà lára ògiri mi ló ṣe é.

6. Sátidé, ọjọ́ 12: bí mo ṣe sè é tó fi dára

Àgbébọ̀ kílò kan àtààbọ̀ ó lé díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Mo gé e sí mẹ́jọ, mo gbé e ka àdògán kí gáàsì lè ṣẹ́kù: omi ìgò mẹ́ta, odidi àlùbọ́sà kan tí mo là sí méjì, ọmọ ayù mẹ́rin, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, iyọ̀ ṣíbí tíì kan. N kò fi magí sí i, ẹ̀jẹ̀ màámi máa ń ga. Mo bu ìfófòó ojú rẹ̀ dànù, mo wá dín èédú kù títí omi fi ń hó jẹ́jẹ́, kì í ṣe híhó gùdùgùdù. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. Nígbà tí mo sẹ́ omi náà, ó kù ìgò méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo ra àgbàdo, mẹ́jọ, ₦150 ẹyọ kan. Àgbàdo tó bá sun ilé, adùn rẹ̀ a lọ, a sì le sí i. Mo fi èékánná tẹ ọmọ rẹ̀ kan lórí kí n tó sanwó: bí omi tó ta jáde bá mọ́ gaara, kò tíì gbó, bí kò bá ta, tó dà bí ìyẹ̀fun pípò, ó ti gbó jù. Èyí tó ta bíi mílíìkì ni mo mú. Mo bó háhá rẹ̀, mo fọwọ́ nu irun ara rẹ̀ kúrò dáadáa, torí irun yẹn náà máa ń há sáàárín eyín.

Mo rẹ́ mẹ́fà lórí ìrẹ́lá, ó kún ife tíì mẹ́ta díẹ̀ kù. Mo fi ọ̀bẹ gé ọmọ méjì tó kù sọ́tọ̀ ní odindi fún àwọn ọmọ, torí eyín tiwọn pé. Ẹ má da ṣùkù nù. Mo ṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí méjì-méjì, mo kó wọn sínú omi adìẹ, mo jẹ́ kí wọ́n hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo wá kó wọn kúrò. Ibẹ̀ ni adùn àgbàdo pọ̀ sí. Ẹni tó bá tọ́ omi náà wò ṣáájú àti lẹ́yìn yóò rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Mo bu ìdajì ìgò nínú omi yẹn, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo dà á lé àgbàdo rírẹ́, mo sẹ́ ẹ, mo sì fún un gbẹ. Eèrí tó kù lójú asẹ́ kò kún ẹ̀kúnwọ́ kan.

Ìkòkò onídìí nípọn bọ́ sórí gáàsì. Bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì, àlùbọ́sà kékeré kan tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́, iná kékeré, ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó rọ̀ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ kó pọ́n. Mo da ìyókù omi adìẹ lé e, ó hó, mo rẹ iná sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà yìí ni mo ń da omi àgbàdo sí i díẹ̀díẹ̀, tí ọwọ́ kejì ń rò ó, tí ọmọrogùn sì ń kan ìdí ìkòkò ní gbogbo ìgbà. Mo ti sọ fún Ràmọ́tà pé ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, òun ni kó dá a lóhùn. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i: ọmọrogùn wúwo díẹ̀. N kò dúró níbẹ̀, torí àgbàdo tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ṣì ń ta ọ̀fun bí ohun tí kò jinná. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi rò ó lápapọ̀. Nígbà kan tó fẹ́ ki jù, mo fi omi gbígbóná ṣíbí mẹ́ta là á.

Mo fa ẹran adìẹ ya. Ti màámi, mo gún un díẹ̀ nínú odó ata kékeré tí a fọ̀ mọ́, tí n kò fi gún ata rí. Ẹran àgbébọ̀ ní okùn, fífà ya nìkan kò tó fún wọn. Mo bu súùpù tiwọn sínú ìkòkò kékeré pẹ̀lú ẹran gígún. Odindi ọmọ àgbàdo àti ẹran fífà ya wọ inú èyí tó kù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

Mílíìkì ló kẹ́yìn, iná sì ti kú kí n tó mú un. Ti inú agolo kékeré ni mo lò, kì í tètè yà bíi ti màálù tútù. Síbẹ̀, mo kọ́kọ́ bu súùpù ṣíbí mẹ́ta sínú rẹ̀ kó lè móoru, mo wá dà á padà sínú ìkòkò bí mo ṣe ń rò ó. Kò yà. Mo dúró tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń wo ojú rẹ̀. Ó jọ̀lọ̀ kanlẹ̀, ọ̀rá bọ́tà ń tàn léte ìkòkò.

Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màámi gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, wọ́n dì í mú sẹ́nu díẹ̀, wọ́n gbé e mì. Ìkejì. Wọn kò sọ nǹkan kan títí mo fi gbọ́ tí ṣíbí ń ha ìsàlẹ̀ àwo. Wọ́n ní, "Ó dà bí sàpàlà tó yọ́." Mo bu òmíràn fún wọn.

7. Owó àti ìtọ́jú rẹ̀

Adìẹ ₦9,500, àgbàdo ₦1,200, àlùbọ́sà, ayù àti atalẹ̀ ₦500, bọ́tà ₦600, mílíìkì ₦900, èédú ₦500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦13,200, láìka gáàsì. Ó kún àwo méje, ẹyọ kan kò pé ₦1,900. Àwọn ìgbà mẹ́ta tó bàjẹ́ ti jẹ ohun tó lé ní ₦25,000 kí n tó débẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó kù di ọjọ́ kejì, ẹ má fi mílíìkì sí ti inú firíìjì. Àwo kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi í sí báyìí lẹ́yìn tí mo bá ti gbé súùpù hó tán. Yóò dì bí ẹ̀kọ tí ó bá tutù, ẹ má bẹ̀rù, omi adìẹ tàbí omi lásán ife kan, iná kékeré, ọmọrogùn, yóò padà sí bó ṣe wà. N kì í jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ, torí bí iná ìjọba ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Mo ti sè é lẹ́ẹ̀mẹrin sí i láti ìgbà náà. Ní Sátidé ọjọ́ 19, mo gbé ti màámi lọ bá wọn nínú ìkòkò kékeré wọn. Wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n wo àwo Ràmọ́tà, wọ́n ní kí n lọ bu èyí tó ní odindi ọmọ àgbàdo wá fún àwọn.